Ilẹ̀ Tí A Rí fún Ìwọ́ Àkànní

Ẹ̀yin ará Ìwó, láti ọjọ́ tí mo ti dé lẹ ti ń bi mí bí Kánádà ti rí, "ó tutù" ni mo sì fi ń dá yín lóhùn, torí ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ìdúró. Ẹ fa àga, ẹ jókòó. Àwọn àgbà ní rírìn jìnnà ní í mú ni rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi rìn jìnnà. Ọ̀kẹ́rẹ́ Toronto dúdú, wọ́n sanra, n kò rí èyí tó yọ iké nínú wọn. Ṣùgbọ́n mo rí òkúta ibojì kan, orúkọ tó wà lára rẹ̀ sì ni orúkọ ẹni tó fún mi ní búrẹ́dì láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an.

Ilé tí kò ní ẹ̀yìnkùlé

Ìdí tí mo fi lọ kò fara sin. Bùkọ́lá ọmọ mi, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, ló bí ọkùnrin, mo sì lọ wẹ ọmọ. Àkànní ni mo ń pè é. Ọjọ́ tí ìwọ́ rẹ̀ já, mo fi òwú wé e, mo gbé e sínú agolo mílíìkì, mo ní kí wọ́n fi ẹ̀yìnkùlé hàn mí. Ẹ̀yin náà mọ bí a ti ń ṣe é. Ti Bùkọ́lá wà lábẹ́ igi ọsàn lẹ́yìn ilé wa títí di òní. Ìyá mi a máa sọ pé ọmọ tí ilẹ̀ kò bá gba ìwọ́ rẹ̀, yóò kàn máa rìn káàkiri láyé ni, kò ní mọ ibi tí òun ń padà sí.

Bùkọ́lá wo agolo, ó wo fèrèsé. Ibi tí a wà ga débi pé ẹyẹ ń fò kọjá nísàlẹ̀ wa.

"Mummy, ẹ̀yìnkùlé báwo? Apartment yìí gan-an, rent là ń san. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn gbé e lọ sí Ìwó when you're going."

"Ṣé Ìwó ni ọmọ yìí yóò gbé ni?" mo bi í. "Ṣé Ìwó ni yóò ti lọ sí school? Ilẹ̀ tó bá ń tẹ̀ ló gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n."

Yìnyín ló bo ìta nígbà náà, ilẹ̀ le bí irin. Mo gbé agolo sórí fíríìjì, mo ń retí kí ilẹ̀ rọ̀. Mo ti sọ ọ́ nínú ọkàn mi pé bí n kò bá rí ilẹ̀ fún ọmọ yìí kí n tó wọ bàálù padà, òfo ni mo lọ ṣe.

St. James Town

St. James Town ni wọ́n ń pe àdúgbò náà. Ilé gíga ni, òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òmíràn lẹ́yìn ìyẹn, tó fi jẹ́ pé oòrùn ń wá àyè tí yóò gbà kọjá. Ará Filipíìnì ń gbé ibẹ̀, ará Síríláńkà ń gbé ibẹ̀, ará Nẹ̀páàlì, ará Ẹritíríà, àwa náà kò sì gbẹ́yìn. Bí ẹ bá ń rìn ní kọ́rídọ̀ nírọ̀lẹ́, òórùn ọbẹ̀ gbogbo ayé ni yóò máa pàdé yín: kọrí, ẹja gbígbẹ, ata tiwa. Òórùn nìkan ni o. Èèyàn kò sí. Bàtà wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ẹ kò ní rí ẹni tó ni ín. Ọmọ kan ń sunkún lókè orí wa lọ́sàn-án lójoojúmọ́, n kò rí ọmọ náà rí, n kò sì rí ìyá rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ lífítì, mo kí àwọn tó wà nínú rẹ̀ ní "Good morning." Gbogbo wọn gbójú sókè, wọ́n ń wo nọ́ńbà tó ń tàn lókè ilẹ̀kùn. Èmi náà wo nọ́ńbà, bóyá òun ló ń dáhùn ìkíni níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Ìlú tí èèyàn kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, tí ẹnikẹ́ni kì í kí ẹnikẹ́ni, inú àlọ́ ni mo ti ń gbọ́ ọ nígbà èwe mi, ìtàn bẹ́ẹ̀ kì í sì í parí síbi tó dára.

Wálé, ọkọ Bùkọ́lá, ń wa tírélà, ó lè lọ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí ó tó dé. Bùkọ́lá náà ti ń padà sẹ́nu shift rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èmi àti Àkànní ló máa ń kù sílé, àwa àti ẹkún ọmọ tó wà lókè.

Màdáàmù

Ẹnì kan ṣoṣo ló kí mi ní ilé náà. Arúgbó obìnrin òyìnbó kan ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kóòtù aláwọ̀ eérú ló máa ń wọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sì í dún nílẹ̀. N ó kàn yíjú ni, n ó rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Bonjour, Mama," yóò wí, yóò sì tẹ orí ba. Odile ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Màdáàmù ni mo ń pè é, torí ó jù mí lọ. Ilẹ̀kùn tó kẹ́yìn ní kọ́rídọ̀ wa ni tirẹ̀. Ará Faransé ni, Gẹ̀ẹ́sì ni a jọ ń sọ, kálukú pẹ̀lú bí tirẹ̀ ṣe wọ́ tó.

Ó gbé búrẹ́dì gígùn kan wá fún mi, tó fi bébà wé. Ẹ mọ̀ pé búrẹ́dì tí mo ń yan tà ni mo fi tọ́ ọmọ, ẹnikẹ́ni kò lè fi búrẹ́dì tàn mí jẹ. Mo bù ú. Èèpo rẹ̀ dún bí ewé gbígbẹ, inú rẹ̀ kún fún ihò, kò sí ṣúgà níbẹ̀ rárá. Mo fi jẹ ẹ̀wà, mo jẹ ẹ́ tán. Ohun tí mo rò nípa búrẹ́dì tiwa lẹ́yìn náà, n kò ní sọ ọ́ níbí, kí ẹ má bàa kọ ọjà mi.

Nígbà tí Bùkọ́lá dé, mo ròyìn fún un.

"Which old woman?" ó ní. "Mummy, ó ti tó three years tí mo ti wà lórí floor yìí. Mi ò rí kí ẹnikẹ́ni jáde látinú apartment yẹn rí. I thought it was empty."

Búrẹ́dì tí mo jẹ sì ti wà nínú mi. Mo ń wo ilẹ̀kùn.

Ilẹ̀ tó jẹ́ òrùlé

Yìnyín yọ́. Mo pọn Àkànní, mo wọ jákẹ́ẹ̀tì Wálé lé e lórí, mo mú agolo àti ṣíbí ọbẹ̀, mo sọ̀kalẹ̀. Koríko wà níwájú ilé wa, igi kékeré kan wà láàárín rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wa ilẹ̀. Kò tíì jìn tó ọwọ́ kan tí ṣíbí fi kọ lu kọnkéré. Mo sún síwájú, mo tún wa á. Kọnkéré. Bí mo ti ń rò ó lọ́wọ́, ilẹ̀ gbọ̀n lábẹ́ orúnkún mi, mo sì gbọ́ tí nǹkan kan ń kùn kọjá nísàlẹ̀ mi.

"Orí òrùlé lẹ wà, Mama," Màdáàmù wí lẹ́yìn mi. N kò gbọ́ ìgbà tó dé. "Ọkọ̀ ló wà nísàlẹ̀, ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí ni. Wọ́n kàn da erùpẹ̀ lé e kí koríko lè hù."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti dàgbà, n kò kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ irọ́ rí. Mo dìde kíákíá. Nígbà tó béèrè ohun tí mo ń ṣe, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo ṣí agolo. Ojú rẹ̀ kò yí padà. Ó ní, "Ilẹ̀ lẹ ń wá. Níbí, ó ṣòro. Ẹ jẹ́ ká jọ wá a."

Bí a ti ń gba orí koríko náà kọjá, ó ṣàdédé yà sápá kan, ó gba ẹ̀gbẹ́ yí po, bí ẹni tó ń yẹra fún ògiri. Ògiri kan kò sí níbẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé.

"Àtẹ̀gùn ilé kan wà níbí," ó ní. Kí wọ́n tó kọ́ àwọn ilé gíga, ilé bíríkì onífàráńdà ló kún ibẹ̀. Wọ́n wó wọn, wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì bímọ ni ilé gíga wà fún. Àwọn ọ̀dọ́ kò pẹ́ níbẹ̀, àwọn tó ti òkèèrè dé ló wá kún un. Òun àti ọkọ òun ti mọ àwọn ilé àtijọ́ náà, ẹsẹ̀ òun kò sì tíì gbà pé wọ́n ti lọ. Ó tún yà fún nǹkan kan. Mo yà tẹ̀ lé e, torí n kò mọ ohun tí mo lè tẹ̀.

Òkè tó ń pọn omi

Ìlú Paris ni wọ́n bí Màdáàmù sí, ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Ogún. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe àdúgbò níbẹ̀: ó bẹ̀rẹ̀ láàárín ìlú, ó ń yí po bí ìkarahun ìgbín, Ogún ló sì wà lẹ́nu rẹ̀ níta. Belleville ni orúkọ òkè wọn. Abúlé ni tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ọgbà àjàrà, Ménilmontant sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Paris ń wú, ó sì gbé àwọn méjèèjì mì. Nígbà tí wọ́n la títì ńláńlá láàárín ìlú, àwọn òtòṣì tí wọ́n lé kúrò níbẹ̀ gun òkè náà lọ. Àwọn Júù tẹ̀ lé wọn, àwọn ará Àméníà, àwọn ará Àlùjéríà àti Tùnísíà, àwọn ará Ṣáínà, àwọn èèyàn dúdú láti Málì. Ó ní ẹni tó bá ní èdè Faransé nìkan lòun gbọ́ ní àdúgbò àwọn, kí ó lọ fọ etí rẹ̀.

Omi wà nínú òkè yẹn. Láyé àtijọ́, wọ́n kọ́ ilé òkúta kéékèèké lé orísun rẹ̀ lórí, ibẹ̀ ni omi ti ń ṣàn lọ fún ìlú láti mu. Nígbà tí Màdáàmù wà lọ́mọdé, yóò fi etí lé ilẹ̀kùn irin ilé òkúta náà, yóò máa gbọ́ omi tí kò lè rí. Itẹ́ òkú ńlá kan sì wà lẹ́yìn ilé wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣeré.

"Gbogbo ìlú ńlá ló ń gbé odò mì," ó ní. "Ẹ wá gbọ́ ti ibí."

A kọ́kọ́ gba Cabbagetown, tó múlé ti St. James Town. Ilé bíríkì pupa ló wà níbẹ̀, ilẹ̀ iwájú wọn sì dúdú, ó rọ̀, ó wù mí. Ó ní àwọn òtòṣì tó ti Àílándì wá ló gbin kábéèjì síbẹ̀ tí wọ́n fi ń fi kábéèjì pè é. Olówó ló wà níbẹ̀ báyìí. Mo dúró, mo ń wo erùpẹ̀ ọgbà kan. Obìnrin kan ṣílẹ̀kùn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Can I help you?" Ìrànlọ́wọ́ kọ́ o. Ẹ̀rín náà kò kúrò lójú rẹ̀ títí a fi yà ní kọ́nà, bí ẹ̀rín tí wọ́n kùn mọ́ ògiri.

Ìsàlẹ̀ kan wà lẹ́yìn ibẹ̀ tí igi bò, títì kan gba àárín rẹ̀. Màdáàmù mú mi dé ibi ìdérí irin kan lẹ́bàá títì, ó ní kí n tẹ́tí. Mo bẹ̀rẹ̀. Odò ń hó lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, odò gidi, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibi tí ojú mi ti rí omi. Wọ́n ti fi í sínú páìpù, wọ́n la títì lé e lórí. Àkànní tó ti ń sunkún lẹ́yìn mi dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dìde, mo ní a kò lè fi ìwọ́ ọmọ sọ́dọ̀ odò tí wọ́n sin láàyè.

"Ó ku ibì kan," Màdáàmù wí. "Mo ní ilẹ̀ díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ lọ́la."

Òkúta

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé búrẹ́dì wá láàárọ̀, mo pọn Àkànní, mo mú agolo, a sì jọ jáde. Mo rò pé ọgbà kan ni a ń lọ. Itẹ́ òkú ló mú mi wọ̀. Ó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó nawọ́. "Òkúta tó wà lábẹ́ igi yẹn. Ẹ lọ wò ó."

Mo lọ. Orúkọ ọkùnrin kan ló wà lókè, Armand Vasseur. Mo ka èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Odile Marie Josèphe Vasseur.

Mo yíjú padà. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí bẹ́ǹṣì.

Gbogbo irun orí mi dìde. Ohun gbogbo bẹ̀rẹ̀ sí í to ara rẹ̀ níwájú mi: ẹsẹ̀ tí kì í dún, yàrá tí Bùkọ́lá ní òfìfo ni, ilé tí kò sí mọ́ tó ń yẹra fún. Ẹ sì mọ ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé nípa àkúdàáyà: ẹni tó kú sílùú kan, tó lọ ń gbé nílùú mìíràn níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n. Níbo ni ẹnikẹ́ni kò ti mọ ẹnikẹ́ni tó St. James Town? Bí mo bá jẹ́ àkúdàáyà, ibẹ̀ ni n ó ti lọ gba yàrá. Mo sáré. Arúgbó bíi tèmi, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, mo sáré débi pé ọ̀kẹ́rẹ́ yà fún mi lọ́nà.

Ìgbà tí mo ti ilẹ̀kùn mọ́rí tán ni mo wo ọwọ́ mi. Agolo kò sí níbẹ̀. Mo ti jù ú sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ òkúta náà. Ìwọ́ ọmọ ọmọ mi wà lọ́wọ́ òkú.

Mo jókòó sílẹ̀, mo gbé Àkànní mọ́ àyà, mo sunkún. Bùkọ́lá wà níbi iṣẹ́, kò lè gbé fóònù. Ọmọ òkè náà ń sunkún tirẹ̀. Bí oòrùn ti ń rọ̀, mo gbọ́ tí ẹnì kan kànkùn. Mo yọjú láti ihò ilẹ̀kùn: kóòtù eérú.

Ohun kan ni mo rántí. Àwọn àgbà ní bí ẹni tó mọ àkúdàáyà bá fi orúkọ ayé rẹ̀ pè é, yóò pòórá. Mo dúró gbọn-in lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo kígbe pẹ̀lú gbogbo agbára mi: "Odile Marie Josèphe Vasseur!"

N kò gbọ́ ohùn kankan. Mo dúró títí. Mo wo ihò náà, n kò rí ẹnikẹ́ni mọ́. Mo ní, a dúpẹ́. Mo rọra ṣílẹ̀kùn.

Ilẹ̀ kọ́rídọ̀ ló jókòó sí, ó fẹ̀yìn ti ògiri, agolo mílíìkì wà lórí itan rẹ̀. Ó ń sunkún bí ọmọdé.

"Ẹnikẹ́ni kò tíì pè mí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí Armand ti kú," ó ní.

Onílẹ̀

Àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Mo fà á dìde, mo mú un wọlé, mo se tíì. Ó ṣàlàyé pé àwọn a máa kọ orúkọ ìyàwó sára òkúta ọkọ kí ìyàwó tó kú, ọdún ikú nìkan ni wọ́n ń fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀rù kò jẹ́ kí n wò bóyá àyè wà níbẹ̀. Omi tí yóò fi rin òdòdó ọkọ rẹ̀ ló dìde lọ pọn nígbà tí n kò rí i lórí bẹ́ǹṣì. Mo tọrọ àforíjì, mo sì jẹ́wọ́ ohun tí mo pè é. Nígbà tí mo túmọ̀ àkúdàáyà fún un, ó rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà sí i lára. Lẹ́yìn náà ó wo fèrèsé.

"Ẹ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣìnà, Mama," ó ní. "Ẹni tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó wà láàyè, kí lẹ máa pè é?"

Ara mi tutù, n kò sì lè wo ojú rẹ̀.

Ó ní ilẹ̀ tó wà lábẹ́ òkúta yẹn ni ilẹ̀ kan ṣoṣo tí òun ní lórí ilẹ̀ ayé. Bí mo bá fẹ́, kí ìwọ́ ọmọ náà wà níbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò fi kọnkéré sábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí Bùkọ́lá dé tó gbọ́, ó kọ́kọ́ yarí. "Cemetery ke! Mummy, God forbid. Ọmọ tuntun!"

"Níbo ni bàbá mi wà?" mo bi í.

Ó mọ̀ pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ni wọ́n sin bàbá mi sí, orí ibojì rẹ̀ lòun ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta ayò. "Òkú wa àti ìwọ́ wa, ilẹ̀ kan náà ló ń gbé wọn nílé," mo ní. "Àwọn ará ibí ló kó òkú tiwọn lọ sínú ọgbà lọ́tọ̀, ni àwọn alààyè wá ń gbé orí òrùlé. Ilẹ̀ ni mo ní kí wọ́n fi hàn mí. Mo ti rí i."

Ó sunkún díẹ̀. Ó dìde, ó lọ kan ilẹ̀kùn tó kẹ́yìn ní kọ́rídọ̀, ó sì kúnlẹ̀ kí Màdáàmù, ẹni tó ti ń bá gbé orí àjà kan náà láti ọdún mẹ́ta.

Ọjọ́ tí oòrùn yọ ni a lọ, àwa obìnrin mẹ́ta àti ọmọ. Mo fi ṣíbí wa ilẹ̀ lẹ́sẹ̀ òkúta, ṣíbí kò kọ lu ohunkóhun. Mo sin ìwọ́ Àkànní, Màdáàmù gbin òdòdó lé e. Ó bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Faransé, ó pẹ́ díẹ̀. Nígbà tí mo béèrè ohun tó sọ, ó ní òun sọ fún un pé a ti ní ọmọ nílé.

Mo wọ bàálù padà pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀. Láti ìgbà náà, bí Bùkọ́lá bá ti ń lọ sí shift, Màdáàmù ló ń gbé Àkànní. Ọjọ́ kan, òwúrọ̀ mọ́, búrẹ́dì kò dé. Bùkọ́lá lọ kànkùn, kò gbọ́ ohùn. Òun ló pe àwọn tó ṣílẹ̀kùn. Ó ti lọ lójú oorun.

Èmi, mo pa iná ààrò lọ́jọ́ tí mo gbọ́, n kò dáná búrẹ́dì.

Kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀, Bùkọ́lá lọ bá ọkùnrin tó fẹ́ gbẹ́ ẹ. Ó ní, "Please, be careful by the stone. My son is there." Ọkùnrin náà ṣí fìlà, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, ó ní ó dun òun gan-an. Àkànní wà nínú kẹ̀kẹ́ ọmọdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń jẹ bísíkíìtì, ó ń wò ó. Ọkùnrin náà wo ọmọ, ó wo òkúta, ó sún sẹ́yìn díẹ̀. Ó wá rọra béèrè ohun tí olóògbé jẹ́ sí wọn.

"Mummy, mo wá English tí mo máa fi dá a lóhùn, mi ò rí," Bùkọ́lá wí fún mi lórí fóònù. "Yorùbá ló jáde lẹ́nu mi. Mo ní, onílẹ̀ wa ni."